Àwòrán Ara Ògiri, Àpótí Bàbá àti Ìtàn Ìdílé: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìsarà ti Wọlé Ṣóyínká

Àṣàmọ̀

Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà tí àwòrán àtijọ́ àti àwọn ohun ìrántí tí òbí fi sílẹ̀ ń gbà di ìtàn ìdílé. Ìwé tí iṣẹ́ yìí gbé lé orí òṣùwọ̀n ni Ìsarà, tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní ọdún 1989. Èrò Yorùbá nípa àwòrán, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe là á sílẹ̀, ni òpó tí àyẹ̀wò náà fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ẹrù ìdílé kì í dá sọ̀rọ̀, pé ohùn ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ìtàn, àti pé irú ẹrù tí òǹkọ̀wé bá bá nílẹ̀ ni yóò sọ irú ènìyàn tí yóò hàn nínú ìtàn rẹ̀. Ó parí pẹ̀lú àbá lórí bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ka ohun tó wà nílé wọn kí ó tó di àwátì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ nìkan. Ó ń fi yé ni pé ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé tí ó ṣeé kà. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìbàdàn tàbí Èkìtì yóò rí àwòrán nínú férémù lára ògiri: bàbá àgbà nínú agbádá, ìyá àgbà tó fi iyùn sọ́rùn, ọmọ tó wọ aṣọ ìgboyè. Lábẹ́ ibùsùn tàbí lókè àjà, àpótí wà níbẹ̀ tí rìsíìtì owó orí, lẹ́tà, ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi, aṣọ òfì àti ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni ó lè ka ìwé ilé yìí lónìí?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré. Nígbà tí àgbà bá kú tí àwọn ọmọ sì ń pín ogún, ohun tí kò lówó lórí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà sórí ààtàn. Lẹ́tà a di ohun ìdáná. Àwòrán tí kò ní orúkọ lẹ́yìn a di àwòrán ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Láàrin ìran kan péré, ojú a ṣẹ́kù, orúkọ a ti lọ. Ìdí nìyí tí ó fi tọ́ kí lámèyítọ́ yẹ ìwé tí ó sọ àpótí kan di ìtàn wò, kí ó sì béèrè bí ó ṣe ṣe é, ohun tí ó rí níbẹ̀ àti ohun tí kò rí.

2.0 Àwòrán nínú Èrò Yorùbá

Lawal (2001) tú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, sí ọ̀nà mẹ́ta: à, wò, àti rántí. Ìyẹn ni pé àwòrán ni ohun tí ènìyàn ń wò tí ó sì fi ń rántí ẹni tàbí nǹkan mìíràn. Bí ìtúpalẹ̀ yìí bá ṣeé gbà, ìrántí kì í ṣe èrè tí ó ń tẹ̀yìn àwòrán wá. Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó wà. Ohun tí ojú wò tí ọkàn kò sì rántí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò tíì pé ní àwòrán. Bébà lásán ni, bí ó tilẹ̀ wà nínú férémù oníwúrà.

Kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn baba ńlá ti ní ìlànà tiwọn lórí bí àwòrán ènìyàn ṣe yẹ kí ó rí. Thompson (1973), nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe ìdájọ́ ère, ṣàlàyé ìlànà jíjọra: ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn níwọ̀nba, kò gbọdọ̀ jọ ọ́ jù, kò sì gbọdọ̀ ṣàìjọ ọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀, ìlànà mìíràn wà fún àkó. Ère tó tó ènìyàn ní ìdúró ni àkó, tí wọ́n ń ṣe fún ẹni ńlá tó ti kú. Aṣọ tó dára jù nínú aṣọ olóògbé ni wọ́n ń wọ̀ fún un, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ ojú ẹni náà dáadáa kí àwọn ènìyàn lè dá a mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí fọ́tò dé, kì í ṣe ilé òfìfo ni ó wọ̀. Ilé tí àwòrán ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe ni ó wọ̀.

Èyí hàn nínú ìwádìí tí Sprague ṣe ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàkíyèsí pé nínú fọ́tò àgbà, ẹni tí wọ́n yà máa ń jókòó kọjú sí kámẹ́rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan tàbí orúnkún, aṣọ iyì wà lọ́rùn rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ìbẹ̀rù kámẹ́rà ló fà á. Ṣùgbọ́n ipò ni àwòrán náà ń sọ, kì í ṣe ìṣesí ọjọ́ kan. Bí àgbà ṣe yẹ kí ó wà ní gbogbo ìgbà ni wọ́n yà, kì í ṣe bí ó ṣe rí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Àpẹẹrẹ tó ta yọ jù nínú iṣẹ́ Sprague ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ ẹ́ sórí bébà kan náà bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ akọ fún un lẹ́ẹ̀kan, wọn á sì wọ ti abo fún un lẹ́ẹ̀kejì. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú inú wo ọmọ-ọmọ tó bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ojú méjì ni yóò rí. Yóò kà á sí pé ọmọ méjì ni wọ́n jọ dàgbà, yóò sì máa wá ìran ẹnìkejì kiri. Fọ́tò náà kò purọ́ fún àwọn tó yà á, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ohùn tó mọ ìdí náà bá ti dákẹ́, òtítọ́ inú rẹ̀ a di àṣìmọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún kíka Ìsarà: ẹrù ìdílé kì í dá sọ̀rọ̀.

3.0 Àpótí inú Ìsarà

Ọdún 1981 ni Ṣóyínká gbé Aké jáde, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí èdè Yorùbá lẹ́yìn náà. Ìtàn ìgbà èwe ni, ojú ọmọdé ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àwòrán tilẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ṣe nínú rẹ̀. Fọ́tò Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tí ọmọdé náà rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó di ojú tó ń yọ sí i láàrin òdòdó ọgbà àlùfáà ní Aké. Fún ọmọ náà, àwòrán kò dúró sínú ìwé. Ó jáde wá, ó sì di ẹni tó ń gbé inú ọgbà. Ìrántí kò tíì di iṣẹ́ ìwádìí ní ibẹ̀, ìrírí ni.

Ìsarà yàtọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ṣe ṣàlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àpótí onípáànù kan tí bàbá rẹ̀ lò ni orísun ìwé náà. Bàbá yìí, tíṣà àgbà tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Essay láti ara lẹ́tà S. A. tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tọ́jú lẹ́tà, ìwé ìròyìn tó fàlà sí, ìwé àkọsílẹ̀, rìsíìtì owó orí àti owó mìíràn, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé àbájáde ilé-ìwé àti ìwé ètò ayẹyẹ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà lọ́jà nínú wọn. Síbẹ̀, láti ara wọn ni ọmọ ti mọ pé bàbá òun ti jẹ́ ọ̀dọ́ rí, pé ó ní ọ̀rẹ́, ó ní àlá, ó sì ní àríyànjiyàn tí kò sọ fún ọmọ.

Àkínyọdé ni orúkọ tí òǹkọ̀wé fún olú ẹ̀dá-ìtàn tó dúró fún bàbá náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni ìwé náà pè ní àwọn ex-Ilé. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Wade Cudeback, ọ̀rẹ́ orí ìwé tó ń gbé ní Ashtabula ní Amẹ́ríkà, ló ṣí ìtàn náà. Orúkọ ìlú yìí gba ọkàn tíṣà, ó sì ń fi í wé orúkọ ìlú tirẹ̀. Ní ìparí ìwé, Cudeback fúnra rẹ̀ dé sí Ìsarà ní àkókò tí ọ̀rọ̀ oyè Ọdẹmọ gba ìlú kan. Ẹni tí oyè náà kàn, Akínsànyà, kì í ṣe ẹ̀dá inú àròsọ: Samuel Akínsànyà, aṣáájú ẹgbẹ́ onímọ́tò àti ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, di Ọdẹmọ ti Ìsarà ní ọdún 1941, ó sì wà lórí oyè títí di ọdún 1985.

Kókó mẹ́ta ni ó yẹ ní àkíyèsí nínú ọ̀nà tí òǹkọ̀wé gbà lo àpótí yìí. Èkíní ni pé kò tẹ àwọn ìwé inú rẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe wà. Ó fi àròsọ so wọ́n pọ̀, ó yí orúkọ púpọ̀ padà, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Èkejì ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ da ètò ọdún rú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn lè ṣáájú nínú ìwé. Ẹ̀kẹta ni pé ó fún ìwé tó ti gbẹ ní ohùn: lẹ́tà di ìjíròrò, àkọsílẹ̀ ìpàdé di àríyànjiyàn ọ̀rẹ́ nínú pálọ̀.

Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n ìtàn lásán wọn ìwé yìí yóò ní ó ti ba ẹ̀rí jẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá kì í ṣe irọ́. Ohun tí ìran kan gbọ́ lẹ́nu ìran tó ṣáájú ni. Ṣóyínká kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu bàbá. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àpótí, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ nípa àwọn ènìyàn náà tún un sọ. Bí ó ṣe da ètò ọdún rú pàápàá bá ìlànà kan mu ní ilẹ̀ Yorùbá. Barber (1991), nínú ìwádìí rẹ̀ ní Òkukù, ṣàlàyé pé oríkì kì í to ìṣẹ̀lẹ̀ bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ẹyọ-ẹyọ ni ó ń kó wọn jọ, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ béèrè ìtàn. Lójú iṣẹ́ yìí, Ìsarà sún mọ́ oríkì ju ìtàn lọ. Oríkì onípròósì tí ọmọ kì fún bàbá ni, ẹrù inú àpótí sì ni orúkọ àdájẹ́ tó gbé e ró.

4.0 Ohun tí Àpótí Kò Sọ

Ibi tí ìwé náà ti lágbára ni àbùkù rẹ̀ tún gbé wà. Aké àti Ìsarà jọ ń sọ nípa ìdílé kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tó kún inú wọn yàtọ̀. Aké kún fún obìnrin. Ìyá, tí òǹkọ̀wé pè ní Wild Christian, wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti àdúrà rẹ̀. Ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú rẹ̀, tí ó sì mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ ní ọdún 1949, ni ó kó ìparí ìwé náà. Nínú Ìsarà, obìnrin kò ṣàìsí. Ìyá Àkínyọdé àti ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ jù, àlá ọkùnrin ni ìtàn náà sì ń tọ̀.

Kí ló fà á? Ìdáhùn tí iṣẹ́ yìí dábàá ni pé orísun ìwé méjèèjì ló yàtọ̀. Ojú àti etí ọmọdé ni orísun Aké, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọdé sì ń gbé. Bébà ni orísun Ìsarà. Ní àkókò náà, ọkùnrin tó lọ ilé-ìwé ni ó ń kọ lẹ́tà sí ìlú òkèèrè, òun ni ó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, òun ni ó sì ń tọ́jú rìsíìtì. Ohun tí kò bá wọ inú bébà kò wọ inú àpótí. Ohun tí kò sì sí nínú àpótí kò ní ọ̀nà tí yóò fi tètè wọ inú ìwé. Ọ̀rọ̀ owó orí fi èyí hàn kedere. Rìsíìtì bàbá fi hàn pé ó san owó. Kò lè sọ bí sísan owó ṣe dun àwọn obìnrin ọjà tó. Ẹnu ni ó sọ ìyẹn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyá kò ní àpótí. Àpótí aṣọ ni tìrẹ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kà yóò rí ìtàn níbẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olóba. Àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì ló wà láàrin rẹ̀, ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún gorí oyè ní ọdún 1935 ni ó sì bí i. Ọmọ tó bá bá Olóba nínú ẹrù ìyá rẹ̀ àgbà mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé aṣọ náà kò lè ṣáájú 1935. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ pé 1935 gan-an ni ìyá rà á, nítorí àwọn aláró ṣì ń ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ẹbí inú fọ́tò òkú àgbà: ẹni tó wọ̀ ọ́ ń sọ pé òun jẹ́ ara wọn, ẹni tí kò sì wọ̀ ọ́ di ìbéèrè. Aṣọ ń sọ ohun tí lẹ́tà kò sọ. Àṣìṣe kò sí nínú pé Ṣóyínká ṣí àpótí bàbá. Ohun tó kù ni kí ẹlòmíràn ṣí àpótí ìyá.

5.0 Kíka Ẹrù Ìdílé Lónìí

Láti inú àyẹ̀wò òkè yìí ni àwọn ìlànà kan ti jáde tó lè wúlò fún olùkọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìtàn ìdílé fún iṣẹ́ àṣekágbá.

Ìlànà kìíní ni láti ka ẹ̀yìn àwòrán kí ènìyàn tó ka iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò, orúkọ wọn àti ìlú wọn a sì wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé bàbá tí ilé sọ pé kò kúrò nílé rí ti gbé Èkó tàbí Kánò rí. Ìlànà kejì ni láti wo ilà ojú, aṣọ àti ipò ìjókòó. Gọ̀ǹbọ́, àbàjà tàbí pélé lè tọ́ka sí ìlú àti ìran. Ẹni tó jókòó láàrin àti ẹni tó dúró lẹ́yìn ń fi ipò hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kankan nínú wọn kò tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀, nítorí fọ́tò ìbejì ti kọ́ni pé ojú lè rí méjì níbi tí ọ̀kan wà.

Ìlànà kẹta ni láti gbé àwòrán lọ bá ohùn. Ní Òkukù, obìnrin ilé ni Barber rí pé wọ́n ń ki oríkì jù. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin ni bébà pọ̀ sí, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu obìnrin ni oríkì pọ̀ sí, ẹni tó gbé ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ ti mọ ìdajì ilé rẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé fọ́tò náà sí iwájú ìyá àgbà, kí ó sì jẹ́ kí ó ki ẹni inú rẹ̀ kí ó tó béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Oríkì ni yóò kọ́kọ́ wá, ọdún yóò tẹ̀lé e.

Ìlànà kẹrin ni pé títọ́jú àpótí àti sísọ ìtàn rẹ̀ jẹ́ ojúṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ti Ìbàdàn kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé rẹ̀ sì wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń kà á. Ìwádìí nípa rẹ̀ wà nínú ìwé tí Barber ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 2006 lórí irú ìwé inú àpótí páànù bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹni tó bá ṣiyèméjì nípa ohun tí wọ́n sọ nípa Ọbíṣẹ̀san lè lọ wò ó. Òǹkàwé Ìsarà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé náà nìkan, nítorí orúkọ ti yí, ọdún sì ti dàrú. Ìtàn tí Ṣóyínká sọ wọni lọ́kàn ju ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ sì ṣeé yẹ̀ wò ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ìdílé nílò méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ fi àròsọ kọ ìtàn bàbá rẹ̀ kò jẹ̀bi, bí kò bá ṣáà ti sun bébà bàbá náà lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán.

Ìlànà karùn-ún kan ohun ìrántí òde òní. Ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán olóògbé, abọ́ àti aago ògiri tí wọ́n tẹ ojú olóògbé sí, gbogbo wọn ni wọ́n ń pín níbi ìnáwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò wọ́n bí ohun ìlò lásán. Síbẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú kan lè ní orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àna ju èyí tí àpótí bàbá àgbà ní lọ. Ó yẹ kí olùkọ́ wò wọ́n pẹ̀lú ojú kan náà tó fi wo lẹ́tà Cudeback. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó tún rántí pé ìyìn ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bínú sí lè máà sí nínú rẹ̀. Fọ́tò orí fóònù náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yìn tí ènìyàn lè kọ orúkọ sí, bí fóònù bá sì bàjẹ́, odidi ògiri ló wó.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé nínú èrò Yorùbá, àwòrán kò pé láìsí ìrántí, ìrántí kò sì pé láìsí ohùn. Ó ti fi hàn pé Ìsarà jẹ́ oríkì tí ọmọ fi bébà kì fún bàbá, pé ìdàrú ètò ọdún inú rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan, àti pé irú àpótí tí wọ́n ṣí ló mú kí ọkùnrin pọ̀ nínú rẹ̀ ju obìnrin lọ. Kò dín iyì ìwé náà kù. Ó ń fi ibi tí iṣẹ́ kù sí han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Àwọn tó lè dárúkọ ojú tó wà lára ògiri ń dín kù ní ọdọọdún. Gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe wí, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Pẹ́ńsùlù kan àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ẹsẹ̀ àgbà tó láti kọ orúkọ sí ẹ̀yìn gbogbo àwòrán tó wà nínú ilé kan. Iṣẹ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì lè gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ìsinmi tó ń bọ̀ tó parí ni.